Góòlù Kan Tí Ìyá Kàmọ́rù Ò Tíì Gbọ́

Ọ̀rọ̀ Òyìnbó kan ṣoṣo ni mo túmọ̀ sódì, Kàmọ́rù sì kú sí mi lẹ́nu láàárọ̀ Mọ́ńdè kan, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú rélùwéè tó ń jẹ ẹ̀pà bọ̀ wá sílé. Àṣìṣe nìyẹn. Mo lè sọ pé kò sí ẹni tí kì í ṣì í, kí n sì gbàgbé ẹ̀. Ohun tí mi ò lè gbàgbé ni pé kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, mo ti mọ̀ pé mo ṣì í, mo sì pa ẹnu mọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ ná, kí n tó sọ bí ayé ìgbà yẹn ṣe dùn tó. Mo mọ ara mi. Bí mo bá ti ibi tó dùn bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dé ibi tó korò.

Ẹ̀yin ọmọṣẹ́ mi lẹ fà á. Ẹ̀ ń jiyàn lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lóde báyìí, ẹ gbé ayọ́n sórí ṣòkòtò oníbàárà títí tó fi fẹ́ jó. Ọ̀kan nínú yín ní kò sí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ní Sùúrùlérè kí tẹlifíṣọ̀n tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Mo ní, "Kàmọ́rù Má-jẹ̀ẹ́-kó-balẹ̀ ńkọ́?" Ẹ wojú ara yín. Ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta nìyẹn?"

Ó dùn mí. Mi ò tíì dàgbà. Irun orí mi ṣì dúdú, àwọn oníbàárà mìíràn ṣì ń pè mí ní bọ̀ọ̀bọ́ títí tí mo fi máa sọ iye owó aṣọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí a lò ní àná yìí ti lọ pátápátá, ẹni tó bá ń sọ ọ́ á kàn máa sọ̀rọ̀ bí arúgbó ni. Nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí arúgbó.

Nígbà yẹn, agbábọ́ọ̀lù kì í gbé ibi tí ojú wa ò tó. A jọ ń gbé inú ilé kan náà ni, ilé oníyàrá tó kọjú síra wọn, lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gbà. Yàrá Kàmọ́rù àti ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ òsì bí èèyàn bá ń wọlé, ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà níwájú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fíríìdọ̀mù ni, ọ̀gá mi sì ní kí n dúró kí n máa bá òun ránṣọ. Kàmọ́rù wà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìgò. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀ ni pé ó ń to ìgò sínú páálí, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbà síṣẹ́. Láàárọ̀ á to ìgò bíi tàwọn yòókù. Tó bá di ọ̀sán, tí fèrè ilé-iṣẹ́ bá dún, àwọn yòókù á lọ jẹun, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á gbé bàtà kọ́rùn, ó di pápá. Tí wọ́n bá borí lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá á fún wọn ní ìrẹsì àti ẹran. Tí wọ́n bá fìdí rẹmi, wọn á to ìgò láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ bíi ti gbogbo ayé. Kàmọ́rù kì í fẹ́ to ìgò nírọ̀lẹ́.

Bàtà bọ́ọ̀lù ayé ìgbà yẹn wúwo. Awọ ni wọ́n gé róbótó, wọ́n á kàn án mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ kó lè mú ilẹ̀. Tí Kàmọ́rù bá wọ̀ ọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kọjá, á máa dún kò, kò, kò lórí sìmẹ́ńtì, bí ẹni ń fi òòlù kékeré kan ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ á gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé níbi tó ti ń sẹ́ ògì.

"Kàmọ́rù, bọ́ irin ẹsẹ̀ ẹ. Ò ń ha sìmẹ́ńtì onílé."

"Awọ ni, Màámi. Kì í ṣe irin."

"Awọ tó ń ké bí irin. Bọ́ ọ."

Orúkọ rẹ̀ yẹn, Má-jẹ̀ẹ́-kó-balẹ̀, èrò ìwòran ló sọ ọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti wà lókè tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo pápá á ké e pọ̀: má jẹ̀ẹ́ kó balẹ̀. Kì í jẹ́ kó balẹ̀ lóòótọ́. Inú afẹ́fẹ́ ló ti máa ń gbá a, ara rẹ̀ á fẹ́ dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ á ga ju orí lọ. Aṣọ́lé kan sọ fún mi pé òun kì í rí bọ́ọ̀lù Kàmọ́rù, ìró ẹ̀ lòun ń gbọ́ lẹ́yìn òun.

Ìyá rẹ̀ ò dé pápá rí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti wá, ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Kàmọ́rù ṣì wà ní kékeré, ògì ló sì fi tọ́ ọ. Tí a bá ní kó wá wo ọmọ rẹ̀, á ní ojú tó ń wo ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti pọ̀ jù, òun ò ní fi tòun kún un. Etí ló fi ń wò ó. Láti ẹ̀yìn ilé wa, tí atẹ́gùn bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, èèyàn máa ń gbọ́ ariwo pápá ńlá Sùúrùlérè bí ìgbà tí òjò bá ń bọ̀ lórí páànù. Ìyá á dá ọwọ́ dúró lórí asẹ́. Á fetí sílẹ̀. Tí ariwo náà bá ga tó gùn, á ní, "Ọmọ mi nìyẹn." Tó bá kúrú, á ní, "Ìyẹn, ẹlòmíràn ni." Kì í sábà ṣì í.

Ariwo kì í sọ bó ṣe rí, ṣáá. Ibẹ̀ ni mo ti wúlò. Bí bọ́ọ̀lù bá ti parí, màá sáré wálé ṣáájú èrò. Wọn á ti jókòó dè mí ní ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Kàmọ́rù lórí àpótí, Bàbá Púùlù lórí àga ọ̀gá mi. Ẹ̀gbọ́n onílé ni Bàbá Púùlù. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Òyìnbó nítorí tẹ́tẹ́ púùlù tó ń ta lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Màá da bọ́tìnnì sórí tábìlì tí a fi ń gé aṣọ. Bọ́tìnnì funfun ni ọ̀tá, bọ́tìnnì dúdú ni tiwa. Bọ́tìnnì kóòtù kan wà, aláwọ̀ ilẹ̀, ó tóbi, ihò mẹ́rin ló ní, òun ni Kàmọ́rù. Bébà tí mo rún pọ̀ ni bọ́ọ̀lù. Màá wá máa tì wọ́n káàkiri bí mo ṣe rí i.

"Èwo ni ọmọ mi?" Lójoojúmọ́ ló máa ń bèèrè, bó tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

"Èyí ni, Ìyá."

"Kí ló dé tó dá dúró síbẹ̀ yẹn? Kò rí ẹni bá ṣeré ni?"

"Ó ń dúró de bọ́ọ̀lù ni."

"Ófúsáìdì nìyẹn," Bàbá Púùlù á ní.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n dé ibẹ̀ ná."

"Ófúsáìdì ni. Rẹfirí yín ò ríran."

Bí mo bá wá ti bọ́tìnnì yẹn dé iwájú, tí mo fi lu bébà wọ àárín ìwọ̀n teepu tí a fi ṣe ilé góòlù, Ìyá á mí kanlẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹlẹ̀. Á ní kí n tún un ṣe. Á bèèrè pé ẹsẹ̀ wo ló fi gbá a. Tí mo bá ní ẹsẹ̀ òsì, á rẹ́rìn-ín, á ní òsì yẹn ló fi máa ń ta òun nípàá nígbà tó wà nínú. Gbogbo góòlù tí Kàmọ́rù gbá wọlé ní pápá yẹn, orí tábìlì yẹn ni ìyá rẹ̀ ti rí i.

Ọjọ́ Iléyá kan wà tí èmi náà wọ inú eré. Àwọn tó ti níyàwó ló fẹ́ bá àwọn àpọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé kan ní Ìtirè, ẹran ni wọ́n fi ta á. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí ṣòkòtò Kàmọ́rù ya láti ìdí. Ó sáré wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. "Télọ̀, ràn án, má bọ́ ọ." Mo fi abẹ́rẹ́ sí i lára. Mo ní kí rẹfirí dúró, ó ní àfáà ni òun, òun fẹ́ lọ pa àgbò òun, òun ò lè dúró de ìdí ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe ń rán an ni bọ́ọ̀lù fò wá lókè. Àwọn èèyàn ké má jẹ̀ẹ́ kó balẹ̀. Kàmọ́rù já lọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́, rílì òwú sì ń tú lọ́wọ́ mi bíi ti ọmọdé tó ń fi káìtì ṣeré. Ó gbá a wọlé. Nígbà tó padà, ó ní, "Parí iṣẹ́ ẹ, ó ń gún mi." Nígbà tí mo fi bọ́tìnnì àti òwú ṣe é fún ìyá rẹ̀ nílé, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sínú omi ògì.

Ayé yẹn rèé. A ti yí ọkọ̀ sí apá ọ̀tún nígbà náà, a ti fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀, ẹnu wa ni kò tíì fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá dé pé àwọn tó ń ṣa agbábọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà ti ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ìgò, pé kí Kàmọ́rù wá sí àgọ́ wọn ní Sùúrùlérè. Ó máa kọ́kọ́ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù kan ní Kàdúná. Tó bá dé, ó di àgọ́. Mo ti gé aṣọ tó máa wọ̀ lọ. Ìyá rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò tún ní kó bọ́ irin ẹsẹ̀ ẹ̀ mọ́.

Sọ́ńdè ni wọ́n gbá ti Kàdúná. Rédíò ò sọ ọ́. Bàbá Púùlù ló ra ìwé ìròyìn wá láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó nà án sí mi. Èmi ni mo máa ń kà á fún wọn, torí mo lo ọdún kan ní Módà kí owó ilé ìwé tó tán. Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. Mo rí àkọlé. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ni "late". Orúkọ Kàmọ́rù ló tẹ̀ lé e.

Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Kà á," Bàbá Púùlù ní. "Àbí wọ́n lù wá ni?"

"Bàbá, wọ́n kọ léètì síwájú orúkọ Kàmọ́rù."

"Léètì báwo? Bíi ti ara ògiri?"

Gbogbo wa la mọ léètì ti ara ògiri. Kò sí òpópónà tí wọn ò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ní Èkó, àwòrán olóògbé, léètì bàbá báyìí, léètì màmá báyìí. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ léètì.

"Bíi ti ara ògiri, Bàbá."

A ò mọ̀ pé Ìyá Kàmọ́rù ti wà lẹ́yìn wa. Ó gbé abọ́ ògì tó fẹ́ fún ìyàwó ọ̀gá mi lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní, "Léètì bíi ti bàbá rẹ̀?" Mo ká ìwé náà pọ̀. Ó gbé abọ́ náà ka orí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sáàárín àwọn bọ́tìnnì, ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà ńlá nìkan ni mo kà. Góòlù wà nínú àkọlé náà, mo sì gbà á pé ibi tó ti ń lọ gbá góòlù ló kú sí. Mi ò ka ìsàlẹ̀. Lẹ́tà ìsàlẹ̀ kéré, omi sì ti kún ojú mi.

Ọ̀gá mi sáré lọ sí ilé-iṣẹ́ ìgò. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ti bá ẹgbẹ́ lọ sí Kàdúná, géètìmáànù ló bá. Ó bi í pé ṣé lóòótọ́ ni Kàmọ́rù kú. Ọkùnrin náà ní, "Wọn ò sọ fún mi. Ṣùgbọ́n wọn kì í sọ nǹkan kan fún mi." Ohun tí ọ̀gá mi mú wálé nìyẹn, ilé sì ti kún fún ẹkún kó tó dé.

Lọ́sàn-án, gbogbo èèyàn wà ní ẹ̀yìn, èmi nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Àǹtí Tíṣà wá gba aṣọ. Yaba ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé, oníbàárà wa ni. Ó bi mí pé kí ló dé tí wọ́n ń sunkún, mo na ìwé ìròyìn sí i. Ó kà á, ó wò mí.

"Ta ló ní ó kú?"

"Ìwé ni, Àǹtí. Wọ́n kọ léètì."

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó pẹ́ kí góòlù náà tó wọlé. Wọ́n ti fẹ́ parí kó tó gbá a sáwọ̀n." Ó tún wò mí. "Ṣé ìwọ ò pẹ́ dé ilé ìwé rí ni?"

Ẹ̀yin ọmọ, mo pẹ́ dé ilé ìwé rí. Mo máa ń pẹ́ dé débi pé tíṣà tó dúró ní géètì mọ̀ mí sí ọ̀gá àwọn léètìkọ́mà. Bó ṣe máa ń pè wá nìyẹn, ẹ̀yin léètìkọ́mà, ẹ kúnlẹ̀. Ìtumọ̀ kejì ti ọ̀rọ̀ yẹn, ìdí mi ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹgba ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo gbàgbé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nítorí pé ara ògiri ni mo ń wò.

"Lọ sọ fún ìyá ọmọ yẹn báyìí," Àǹtí ní.

"Mò ń lọ, Àǹtí."

Ó mú aṣọ rẹ̀, ó lọ. Èmi ò lọ. Mo da èédú sínú ayọ́n. Mo lọ aṣọ tí kò nílò lílọ̀. Mò ń sọ fún ara mi pé ọ̀la ni rélùwéè máa dé, Kàmọ́rù á wọlé fúnra rẹ̀, inú gbogbo èèyàn á dùn, ta ni á tún rántí ẹni tó ka ìwé? Mo rò pé bí mo bá dìde báyìí kí n ní mo ṣì í kà, wọn ò ní jókòó yí tábìlì mi ká mọ́. Èmi tí wọ́n ń pè ní akọ̀wé ilé. Nítorí oyè yẹn ni mo ṣe jẹ́ kí obìnrin kan fi gbogbo ọ̀sán sunkún ọmọ tó wà láàyè.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo kúkú dìde. Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn. Àfáà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin wà níbẹ̀. Ìyá kúnlẹ̀ lójú ẹní, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ya ẹnu láti sọ̀rọ̀, òun ló ṣáájú mi.

"Ọlọ́run, bó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa, bí Kàmọ́rù bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú yàrá yìí, ẹsẹ̀ náà ò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láyé. Mo fi í fún Ọ."

Gbogbo wọn ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ó bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Kàmọ́rù bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ rélùwéè Yaba lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹsẹ̀ rìn wálé. Ó gbé àpò kọ́ èjìká, ó mú kílíṣí dání fún ìyá rẹ̀. Obìnrin tó kọ́kọ́ rí i já bàtà sílẹ̀ sá lọ. Ó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí àwọn èèyàn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ojú rẹ̀ yí.

"Ta ló kú nílé wa?"

"Ìwọ ni," Bàbá Púùlù ní.

Ìyá jáde. Kò dì mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń fi ọwọ́ pa á láti orúnkún sílẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ tó fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà ló sọ ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún un, níṣojú gbogbo wa.

"Gbogbo ẹ̀, Màámi? Títí kan ti àgọ́?"

"Mo ti fi í fún Ọlọ́run, Kàmọ́rù."

Ó sọ àpò èjìká rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, Màámi. Ẹ jẹ kílíṣí yín."

Bàbá Púùlù gba ìwé ìròyìn náà lórí tábìlì, ó fà á ya. Ó ní òpùrọ́ ni wọ́n, kódà púùlù tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, irọ́ ni. Gbogbo èèyàn bú ìwé ìròyìn. Mo wà níbẹ̀. Mo jẹ́ kí wọ́n bú u.

Ilé-iṣẹ́ ìgò ní kí Kàmọ́rù máa lọ, torí wọn ò wá ẹni tó ń to páálí. Ó gbé bàtà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ṣọbàtà, ó ní kó yọ awọ róbótó yẹn kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí gáréèjì Jíbówú, níbi tó ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kọjá láàárọ̀, bàtà náà ò dún. Kò pẹ́ tí mo kó kúrò nílé yẹn. Mo sọ fún wọn pé mo rí ṣọ́ọ̀bù. Ìdákẹ́jẹ́ bàtà yẹn ni mo sá fún.

Báyìí, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jiyàn, ẹ ní rédíò tó ń sọ bọ́ọ̀lù ní Yorùbá kíákíá bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀. Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n tó ń fi góòlù hàn yín, á tún tún un ṣe fún yín láì bẹ̀ ẹ́. Agbábọ́ọ̀lù yín ń gbé mọ́tò. Ó dáa bẹ́ẹ̀, mi ò bá yín jà. Kò sẹ́ni tó máa fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pa ọmọ ọlọ́mọ fún yín mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí á mí kanlẹ̀ nítorí bọ́tìnnì mọ́ náà.

Lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, mo wọ aṣọ, mo lọ sílé yẹn. Ìyá ń sẹ́ ògì. Mo dọ̀bálẹ̀, mi ò dìde, ilẹ̀ ni mo ti sọ ọ́. Mo sọ ti léètì, mo sọ ti Àǹtí Tíṣà, mo sọ ti ayọ́n.

"Ìyẹn ni pé o ti mọ̀ láti ọ̀sán."

"Mo ti mọ̀, Ìyá."

"O wá dúró lẹ́nu ọ̀nà."

"Mo dúró."

"Ìwọ náà ṣe àmín."

Mi ò mọ̀ pé ó gbọ́ tèmi láàárín wọn. Ó da omi sínú asẹ́, ó sẹ́ ẹ tán kó tó tún sọ̀rọ̀. Mo ní bóyá a lè lọ bá àfáà, bóyá wọ́n lè tú ẹ̀jẹ́ náà. Ó mi orí.

"Ìwé ìròyìn kọ́ ni mo bá sọ̀rọ̀. Mo ní kó dá ọmọ mi padà, ó dá a padà. Ó ṣe tiẹ̀, mo ṣe tèmi. Ìyẹn ti tán." Ó nu ọwọ́. "Dìde. Gbogbo góòlù ọmọ mi lo ṣe fún mi lórí tábìlì. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ńkọ́?"

Mo dìde. Mi ò lọ sí Kàdúná.

"O pa góòlù yẹn mọ́ mi lójú," ó ní. "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi láti ọjọ́ yẹn. Ẹsẹ̀ wo ló fi gbá a?"

Mo ti ibẹ̀ lọ sí Jíbówú. Kàmọ́rù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń pe èrò, ó ku ẹnì kan, ó ku ẹnì kan, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà ò tíì dé ìdajì. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀.

"Mo mọ̀," ó ní. "Àǹtí yẹn wọ ọkọ̀ wa lọ sí Ìbàdàn. Ó ti pẹ́."

"O ò sì sọ fún Ìyá?"

"Tí n bá sọ ọ́, wọ́n á rò pé mò ń wá ọ̀nà padà." Ó kọjú sí ọkọ̀, ó ké Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún kọjú sí mi. "Mo bínú sí ẹ, Télọ̀. Ó ti dínkù. Kò tíì tán."

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó sọ bí góòlù yẹn ṣe rí fún mi. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti gba ẹ̀jẹ́ yẹn, ẹnu òun náà ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó ní, "Ìwọ lo jẹ Màámi ní gbèsè ẹ̀. Wá a rí."

Mo ti ń wá a. Àǹtí Tíṣà mú mi lọ sí ilé ìkàwé ní Yaba, mo rí ìwé ìròyìn ọjọ́ yẹn, mo sì ka lẹ́tà kékeré ìsàlẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní góòlù náà wọlé nígbà tí èrò ti ń jáde. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo wá aṣọ́lé wọn lọ sí ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, láti òkèèrè. Mo wá ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn fún wọn, dẹrẹ́bà ni báyìí ní Mushin. Ó ní irọ́ ni, orí ló fi kàn án, òun lòun gbé e fún un. Mo padà lọ bá aṣọ́lé. Ó ní ẹni yẹn ò gbé bọ́ọ̀lù fún ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀. Mi ò ní gbé nǹkan tí kò dá mi lójú lọ síwájú Ìyá mọ́. Mo ti ṣe ìyẹn lẹ́ẹ̀kan.

Mo gba bọ́tìnnì kóòtù yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá mi àtijọ́. Ó wà lórí tábìlì wa lọ́hùn-ún, ẹ má rán an mọ́ aṣọ oníbàárà. Àwọn bọ́tìnnì funfun wà níwájú ẹ̀, teepu wà nílẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo máa tì í gbà. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá pàdé ẹnikẹ́ni tó wà ní pápá yẹn ní Kàdúná tí kò bá àwọn tó ń lọ jáde, ẹ mú un wá fún mi, ẹ má bi í pé ta ló borí. Ẹ bi í pé ẹsẹ̀ wo ni, àti bóyá bọ́ọ̀lù náà balẹ̀. Ìyá Kàmọ́rù fẹ́ mọ̀, èmi ni mo sì jẹ gbèsè ẹ̀.